Èló ni wọ́n ń ra ọmọ padà ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí ìwé ìròyìn wa yìí. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá fún ẹ̀yin àti àwọn pásítọ̀ tó máa ń kọ̀wé sójú ewé yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé e kúrú: èló ni wọ́n ń ra ọmọ padà ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí? Mo bèèrè torí pé látìgbà tí oṣù January ti wọlé la ò ti gbádùn rédíò mọ́ nílùú Iléṣà níbí, bí wọ́n bá ti ka ìròyìn tán báyìí ohùn pásítọ̀ ló kù, "ẹ mú ẹbọ ìràpadà àkọ́bí yín wá kí apanirun tó mọ ilé yín", wọ́n á wá ka nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n á tún un kà kí ẹni tó ń wá bírò lè rí i kọ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀tá ìjọ ló ń sọ̀rọ̀ o. Inú ìgbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàmì fún mi, mo ti pẹ́ nídìí kíkọ́ kíláàsì Bíbélì, mò ń san ìdámẹ́wàá mi, tí wọ́n bá ní ká dáwó páànù mo máa ń dá a. Mi ò sì rò pé ó yẹ kí ebi máa pa pásítọ̀, Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ pé ẹni tó ń wàásù ìhìnrere, nídìí ìhìnrere náà ni kó ti máa jẹun. Èyí tí mò ń bá wí yìí yàtọ̀ síyẹn.

Ẹnfilọ́ọ̀pù kan ló fà á. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta gààrí àti èlùbọ́ lọ́jà Atákúnmọ́sà, òun ló mú un wá bá mi lálẹ́ pé kí n bá òun kọ nǹkan sí i torí ojú òun ò gbé ìwé mọ́. Ẹnfilọ́ọ̀pù kan báyìí ni, wọ́n ya ọ̀dọ́ àgùntàn sí igun ẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí ọmọ, orúkọ bàbá, nísàlẹ̀ pátápátá wọ́n to àpótí kéékèèké mẹ́ta síbẹ̀ pé kéèyàn fàmì sí èyí tágbára ẹ̀ bá ká: góòlù, fàdákà, idẹ. Mo ní ìyá, èwo ni tiyín níbẹ̀? Wọ́n ní fàdákà ni, pé tí àwọn bá fàmì sí idẹ, àwọn tó ń gba ẹnfilọ́ọ̀pù lẹ́nu ọ̀nà á máa wo àwọn bákan. Mo bi wọ́n pé níbo lowó ti wá, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, ìgbà tó yá wọ́n ní owó àjọ ni, owó tí àwọn ti ń dá díẹ̀díẹ̀ kí àwọn lè fi san WAEC ọmọ náà. Ọmọ wo? Àkọ́bí kan náà tí orúkọ ẹ̀ wà lára ẹnfilọ́ọ̀pù! Ẹ gbọ́ ná, owó ìdánwò ọmọ ni wọ́n fẹ́ fi ra ọmọ padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ, ká lọ wo ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà jáde, torí wọn ò dá a sọ, ó wà nínú Bíbélì lóòótọ́. Lóru tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kúrò ní Íjíbítì, àkọ́bí àwọn ará Íjíbítì kú, tàwọn Ísírẹ́lì ò kú torí ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn tó wà lára òpó ìlẹ̀kùn wọn, Ọlọ́run wá ní tòun ni gbogbo àkọ́bí látòní lọ, ẹ máa rà wọ́n padà. Nígbà tó dé inú Númérì orí kẹta, Ọlọ́run ní dípò àwọn àkọ́bí yẹn, ẹ̀yà Léfì ni kí wọ́n fún òun. Wọ́n wá kà wọ́n. Àkọ́bí ọkùnrin láti ọmọ oṣù kan lọ sókè jẹ́ 22,273, àwọn ọmọ Léfì sì jẹ́ 22,000, ó wá ku èèyàn 273 tí kò ní ẹni tí wọ́n máa fi dípò wọn. Àwọn 273 yìí nìkan ni wọ́n sanwó lé lórí, ṣékélì márùn-ún márùn-ún, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 1,365. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn púpọ̀, ìṣirò ẹ̀ mọ́ tónítóní, wọn ò ní kí àwọn tó ti ní arọ́pò tún lọ sanwó mọ́ra. Ẹni tí wọ́n bá ti dípò ẹ̀, wọ́n ti dípò ẹ̀ nìyẹn, kó máa lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin tó wà ní orí kejìdínlógún, ṣékélì márùn-ún fún àkọ́bí ọkùnrin nígbà tó bá pé oṣù kan. Ọmọ olówó, ṣékélì márùn-ún, ọmọ darandaran, ṣékélì márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹ̀, kì í ṣe ọdọọdún bí owó ilẹ̀. Kí ẹ sì wá wò ó, àkọ́bí ìyá tí mò ń wí yìí, obìnrin ni! Òfin tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wọ́n ò tiẹ̀ dárúkọ ọmọ yẹn rárá. Ó tún wà ní Ẹ́kísódù orí ọgbọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń san owó ètùtù fún ọkàn wọn nígbà ìkànìyàn, ààbọ̀ ṣékélì ni, Ọlọ́run sì fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé olówó ò gbọdọ̀ fi kún un, tálákà ò gbọdọ̀ dín in kù. Kò gbọdọ̀ fi kún un o! Ta ló wá ya àpótí góòlù sára ẹnfilọ́ọ̀pù?

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n máa ní ẹbọ gbọ́dọ̀ dun èèyàn, pé tí kò bá dùn ọ́ kì í ṣe ẹbọ. Gbólóhùn yẹn dùn ún gbọ́ lórí pèpéle, àmọ́ kí wọ́n ṣí Léfítíkù orí karùn-ún. Ẹni tó ṣẹ̀, kó mú abo ọ̀dọ́ àgùntàn tàbí ewúrẹ́ wá. Tágbára ẹ̀ ò bá gbé e, kó mú àdàbà méjì wá tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Tí kò bá lágbára àdàbà náà ńkọ́? Kó bu ìyẹ̀fun kíkúnná, ìdá kan nínú mẹ́wàá òṣùwọ̀n éfà, kó má da òróró sí i, kó má fi tùràrí sí i, àlùfáà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ẹ̀ sun, wọ́n á sì dárí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni náà jì í. Ìyẹ̀fun lásán! Ìyá tó ń ta èlùbọ́ lè dìde lórí àpótí tó jókòó lé kó bù ú nínú igbá ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ ìwé Hébérù fi rọra sọ̀rọ̀, ó ní fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo nǹkan ni òfin ń fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ mọ́, "fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn, ó mọ ohun tó ń sọ. Àti pé nígbà tí Jósẹ́fù àti Màríà gbé Jésù lọ sí tẹ́ḿpìlì ní Jerúsálẹ́mù, Lúùkù kọ ohun tí òfin ní kí wọ́n fi rúbọ fún wọn, ẹyẹ ni, àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Ẹbọ tálákà ni wọ́n rú nígbà tí wọ́n gbé Olùràpadà fúnra ẹ̀ dání. Ká ní ẹnfilọ́ọ̀pù yẹn wà nígbà náà, níbi idẹ ni wọn ì bá fàmì sí.

Bàbá kan wà ní Ifẹ̀, ládùúgbò Ìlódè, babaláwo ni, òun àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń bára wọn bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ọjọ́ tá a lọ kí wọn ni rédíò tún ń ké bẹ́ẹ̀, bàbá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ẹ̀yin onígbàgbọ́ mà ti ń rúbọ ju àwa lọ, tiwa tiẹ̀ sàn, tá a bá rú u tán a ó jọ jẹ ẹran ẹ̀ ni, tiyín tó bá ti wọnú fóònù báyìí ó di gbére." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rín in. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí ni pé ohun tí bàbá sọ yẹn, Mósè ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ẹbọ àlàáfíà tó wà nínú Léfítíkù orí keje, wọ́n á sun ọ̀rá ẹ̀ lórí pẹpẹ, àlùfáà á gba igẹ̀ àti itan ọ̀tún, gbogbo èyí tó kù, ẹni tó mú ẹran wá ló ni ín, òun àti àwọn èèyàn ẹ̀ ni wọ́n á jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ ti ọpẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ yẹn, kò gbọdọ̀ di àárọ̀ ọ̀la. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ́ tàbí ọrẹ àtinúwá, ó lè di ọjọ́ kejì, àmọ́ tó bá ti di ọjọ́ kẹta kí wọ́n dáná sun ún. Ta ló lè dá akọ màlúù kan jẹ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Wàá ké sí ará ilé, wàá ké sí aládùúgbò, wàá ké sí opó tó wà lójúde kejì, bóyá o fẹ́ àbí o kọ̀, torí kò sí ibi tó o lè kó o pa mọ́ sí. Èmi ò rò pé ó ṣèèṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbọ gan-an ni mo fẹ́ kọ, ẹ má bínú pé mo gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò ni pé èèyàn ló ń fún Ọlọ́run ní nǹkan kí inú ẹ̀ lè rọ̀. Bíbélì sì gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ Ọlọ́run ló ti ń wá. Léfítíkù 17:11, tí gbogbo wa fẹ́ràn láti máa kà, pé ẹ̀mí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ kà á débi tó parí sí, Ọlọ́run ní òun ni òun fi í fún yín lórí pẹpẹ láti ṣètùtù. Òun ló fún wa, a ò fún un. Ábúráhámù gun orí òkè pẹ̀lú ọmọ, igi àti ọ̀bẹ, nígbà tọ́rọ̀ dójú ẹ̀ Ọlọ́run ní má fọwọ́ kan ọmọ náà, àgbò kan sì ti wà lẹ́yìn ẹ̀ níbẹ̀ tí ìwo ẹ̀ há sínú igbó. Àgbò Ábúráhámù kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wòlíì Míkà ṣe bèèrè bóyá kóun fi àkọ́bí òun dípò ẹ̀ṣẹ̀ òun, èsì tó gbọ́ ni pé kí ó ṣe òdodo, kó fẹ́ràn àánú, kó sì máa bá Ọlọ́run ẹ̀ rìn ní ìrẹ̀lẹ̀.

Níbí yìí làwọn oníwàásù wa, pàápàá àwọn tó bá wá láti Ifẹ̀, ti máa ń mú Mọrèmi wọlé. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn náà, ère ńlá tí wọ́n gbé dúró fún un ní Ifẹ̀ ní 2016 ò ṣeé fojú fò dá: ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Èsìnmìrìn, ó jẹ́ kí àwọn ará Ùgbò mú òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí pé èèyàn ló ń bẹ lábẹ́ koríko tí wọ́n ń wọ̀ wá jalè, ó sá padà wálé, wọ́n fi iná lé wọn. Ìgbà tó fẹ́ san ẹ̀jẹ́, odò ò gba màlúù, kò gba àgbò, Olúorogbo ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo ló gbà. Oníwàásù á wá ní "bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlọ́run ṣe fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀." Ìjọ á pariwo Halleluyah. Èmi gbà pé Mọrèmi tóbi, mi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mọrèmi jẹ ẹlòmíì ní gbèsè, ẹlòmíì yẹn ló wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tìpá-tìkúùkù, kò sì sẹ́ni tó bi Olúorogbo bóyá ó fẹ́. Jésù ní tiẹ̀ sọ ọ́ nínú Jòhánù orí kẹwàá pé kò sẹ́ni tó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun ló fi í lélẹ̀ fúnra òun. Pọ́ọ̀lù sì ní Ọlọ́run wà nínú Kristi, ó ń bá aráyé làjà. Kì í ṣe pé Ọlọ́run dúró lápá kan tó ń la ojú mọ́ èèyàn tó ń wá ẹ̀jẹ̀, tí Jésù wá sáré bọ́ sáàárín. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè náà ló san gbèsè yẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ ìyẹn kúrò nínú ìgbàgbọ́ wa, ohun tó ṣẹ́kù ò yàtọ̀ sí ti odò Èsìnmìrìn mọ́.

Ní kíláàsì wa, ìbéèrè tó máa ń gbóná jù ni pé, tí wọ́n bá ní Jésù fi ẹ̀mí ẹ̀ ṣe ìràpadà ọ̀pọ̀ èèyàn, bó ṣe wà ní Máàkù 10:45, ta ni wọ́n wá san án fún? Ìbéèrè àtijọ́ ni. Origen, olùkọ́ ìjọ kan láyé àtijọ́, rò pé Èṣù ni, Gregory ti Nazianzus, bíṣọ́ọ̀bù kan tó dé lẹ́yìn ẹ̀, ní èèwọ̀, pé báwo ni ọlọ́ṣà ṣe máa gba irú owó bẹ́ẹ̀. Èmi fara mọ́ Gregory, mi ò rí ibi tí Bíbélì ti dárúkọ ẹni tó gba owó, ohun tó tẹnu mọ́ ni pé wọ́n ti san án.

Wọ́n ti san án ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síwájú àwọn pásítọ̀. Ẹ wò ó, àwa Ìjẹ̀ṣà ọmọ Obòkun mọ gbèsè. Àwọn bàbá wa òṣómàáló kiri aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń tà á láwìn, tí ọjọ́ bá pé tí owó ò jáde, wọn ò ní jókòó sórí àga tí wọ́n bá gbé fún wọn, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè lójú gbogbo ayé, pé òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Kí ẹnìkan wá dé, kó ka owó náà lé wọn lọ́wọ́ pé, wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn ẹ̀wù wọn, wọ́n á lọ síbòmíì. Tí ẹlòmíì bá wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tó ń bèèrè owó aṣọ kan náà, àwa níbí mọ orúkọ tá à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pásítọ̀.

Hébérù orí kẹwàá ò tiẹ̀ fi bò. Ó ní àlùfáà ń dúró lójoojúmọ́, ó ń rú ẹbọ kan náà lemọ́lemọ́, ẹbọ tí kò lè mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò láé. Nínú gbogbo ohun èlò tí wọ́n to kalẹ̀ fún àgọ́ Mósè, tábìlì wà, ọ̀pá fìtílà wà, pẹpẹ tùràrí wà, kò sí àga tí àlùfáà máa jókòó lé, torí iṣẹ́ náà ò lè tán. Ọkùnrin yìí wá rú ẹbọ kan ṣoṣo, ó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún Ọlọ́run. Ó jókòó. Kó tó kú ló ti ní "Ó parí". Aṣọ ìkélé tẹ́ḿpìlì ya sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pétérù wá kọ ọ́ sí àwọn èèyàn ẹ̀ pé kì í ṣe fàdákà tàbí wúrà tó lè bàjẹ́ ni wọ́n fi rà yín padà, ẹ̀jẹ̀ Kristi ni. Pétérù dárúkọ fàdákà àti wúrà o, idẹ nìkan ló gbàgbé. Aísáyà ti sọ ọ́ ṣáájú pé wọ́n ta yín lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì rà yín padà láìsan owó. Orin Dáfídì kọkàndínláàádọ́ta ní kò sẹ́ni tó lè ra arákùnrin ẹ̀ padà bó ti wù kó lówó tó. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo ibi wọ̀nyí kọjá dé ibi nọ́ńbà àkáǹtì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yìí ò sì tuntun. Géhásì, ìránṣẹ́ wòlíì Èlíṣà, sáré tẹ̀ lé Náámánì lẹ́yìn tí Èlíṣà ti wò ó sàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó gba fàdákà àti aṣọ, ó bá ẹ̀tẹ̀ Náámánì bọ̀. Símónì onídán kó owó wá fún àwọn àpọ́sítélì, Pétérù ní kí owó ẹ̀ ṣègbé pẹ̀lú ẹ̀. Ní Jámánì láyé ọjọ́un, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Johann Tetzel ń kiri ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tà, ìyẹn wà lára ohun tó mú kí Martin Luther kọ kókó 95 sílẹ̀ ní 1517 tí gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù fi dàrú. Àwa tá a wá pe ara wa ní ọmọ ìran àwọn tó dájà sílẹ̀ nítorí ìwé ìdáríjì, àwa náà la tún ń tẹ ẹnfilọ́ọ̀pù.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé Iléṣà ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣé a ti gbàgbé Òkè-Oòye ni? Ní July 1930, ìlú yìí kún débi pé ẹsẹ̀ ò gbèrò, wọ́n ti ibi gbogbo wá torí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá, agogo ọwọ́ àti Bíbélì ni wọ́n mú dání. Nínú gbogbo ìtàn ìsọjí yẹn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní kí ìyá ọmọ lọ yáwó kí àdúrà tó gbà. Bàbá yẹn mọ ohun tó ń jẹ́ ẹbọ, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì ni wọ́n ń wà fún ìjọba, iṣẹ́ gidi tó ń gba owó oṣù, ìpè dé bá wọn lẹ́bàá Ìkejì-Arákeji ní October 1928, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ara wọn ni wọ́n fi rúbọ. Bí Róòmù orí kejìlá ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pé ká fi ara wa fún Ọlọ́run ní ẹbọ ààyè.

Tó bá sì jẹ́ ọmọ ni wọ́n fẹ́ rà padà, ẹ bi àwọn tó dàgbà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, dókítà oyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley wá ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild níbí, iṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló gbé e wá. Ìgbà yẹn, kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre-kánú ti gbé púpọ̀ nínú wọn lọ, ìyá á bí mẹ́fà, á sin mẹ́ta. Ó dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ìbílẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n ń fi àmì sí káàdì kan tí ìyá máa gbé lọ sílé, tí ìlà yẹn bá ti ń wálẹ̀ dípò kó máa lọ sókè wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, wọ́n á tètè gbé ìgbésẹ̀. Ikú ọmọdé dínkù gidi níbẹ̀, káàdì yẹn sì tibẹ̀ kárí ayé, irú ẹ̀ náà ni wọ́n ń fún àwọn ìyá ọmọ nílé ìwòsàn dòní. Ìyẹn lèmi ń pè ní kéèyàn gba ọmọ lọ́wọ́ apanirun. Káàdì náà ò ní góòlù, kò ní fàdákà, ìwọ̀n ọmọ ló wà níbẹ̀.

Kí ni ẹbọ tó wá kù fún wa? Ìwé Hébérù kan náà tó ní ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ ti tán ló dáhùn ní orí ìkẹtàlá: ẹbọ ìyìn, ká má sì gbàgbé láti máa ṣoore, ká máa pín nǹkan, torí irú ẹbọ bẹ́ẹ̀ ni inú Ọlọ́run dùn sí. Kò rọrùn o, èmi ò ní kẹ́nì kankan rò pé mo ń polówó ìgbàgbọ́ ọ̀fẹ́ tí kò náni ní nǹkan kan. Wọ́n ti rà yín ní iye kan, Pọ́ọ̀lù wí, ẹ kì í ṣe ti ara yín mọ́. Ẹni tí wọ́n bá rà padà, ìwà ẹ̀ gbọ́dọ̀ yí, ọwọ́ ẹ̀ lórí òṣùwọ̀n gààrí gbọ́dọ̀ yí, bó ṣe ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ lò gbọ́dọ̀ yí, ìyẹn le ju trànsífà lọ fíìfíì. Mo mọ ọkùnrin kan tó máa ń fàmì síbi góòlù lọ́dọọdún, ìyá ẹ̀ ń bẹ lábúlé tó ń tọrọ owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ aládùúgbò. Jésù ti bá irú ẹ̀ wí nínú Máàkù orí keje, àwọn tó máa ń sọ pé "Kọ́bánì ni", pé owó tí mo lè fi tọ́jú yín bàbá, ìyá, mo ti fi í fún Ọlọ́run. Ó ní wọ́n fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán.

Ẹlòmíì á fi opó olówó wẹ́wẹ́ méjì dá mi lóhùn. Kó kà á láti òkè díẹ̀ sí i. Kí opó yẹn tó wọlé, ẹsẹ tó ṣáájú ẹ̀ ni Jésù ti ń kìlọ̀ nípa àwọn akọ̀wé tó ń jẹ ilé àwọn opó run, tí wọ́n ń fi àdúrà gígùn bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tó sì rí opó náà, kò ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun lọ bá a gba èyí tó kù nílé.

Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ṣì gbé ẹnfilọ́ọ̀pù wọn lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù ń bà wọ́n, mi ò dá wọn lẹ́bi, ọmọ ni ọ̀rọ̀ dà lé lórí, ta ni kò ní bẹ̀rù. Àwọn tó dẹ́rù bà wọ́n ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Nítorí náà Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fún wọn láyè nínú ìwé ìròyìn yín, pásítọ̀ yòówù tó bá mọ ibi tí Pétérù, Pọ́ọ̀lù, Jòhánù tàbí Jákọ́bù ti gba owó ìràpadà àkọ́bí lọ́wọ́ onígbàgbọ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn tí Jésù jíǹde, kó kọ ọ́ wá, orí àti ẹsẹ ni kó kọ, kó má kọ ìran tó rí lóru. Màá kà á. Ẹ sì tún bá mi bẹ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa, tí wọ́n bá fẹ́ ka nọ́ńbà àkáǹtì, kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn tán ná.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìsọ̀kùn, Iléṣà.